Ìbéèrè Yín: Ṣé máìkì ríbọ́ọ̀nù sítẹ́rìó ló yẹ fún agídìgbo àti dùndún?

ÌBÉÈRÈ KÌN-ÍN-NÍ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìbàdàn ni mo ń gbé, mo sì ní yàrá kan lẹ́yìn ilé tí mo sọ di sítúdíò. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, gígùn rẹ̀ jẹ́ 14, bí ẹni tó ga bá sì na ọwọ́ sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Gìtá onígi, agídìgbo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń gbà sílẹ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn onídùndún máa ń kóra wọn wá. Máìkì condenser méjì (irú tó ń fẹ́ iná kó tó ṣiṣẹ́) tí mo ń lò máa ń jẹ́ kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ṣaworo ara ìyáàlù gún ènìyàn létí, bí mo sì ṣe ń fi EQ, ohun tí a fi ń dín ohùn òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ kù, gé e tó, kò tán. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ta méjèèjì, kí n fi owó kún un, kí n ra máìkì ríbọ́ọ̀nù sítẹ́rìó kan ṣoṣo. Mo ti rí Royer SF-12 àti AEA R88 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èwo ni kí n rà nínú wọn? Interface kékeré oníhò méjì, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máìkì wọ inú kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò.

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ọ̀rẹ́ yín kò purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ, ìdajì tó fi sílẹ̀ ló sì máa pinnu bóyá owó yín á wọgbó. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú máìkì náà fúnra rẹ̀.

Ọ̀já alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ páànù ìbolé, tí wọ́n sì so kọ́ sáàárín òòfà. Ó fẹ́lẹ́ débi pé nínú ọ̀pọ̀ irú máìkì bẹ́ẹ̀, nínípọn ọ̀já yìí kò ju nǹkan bíi micron 2 tàbí 3 lọ, nígbà tí irun orí ènìyàn tó nǹkan bí 70. Bí ohùn bá ti kàn án, á máa mì láàárín òòfà, mímì yẹn ló sì ń di iná mànàmáná kékeré tó ń gba wáyà jáde. Walter Schottky àti Erwin Gerlach ló ṣe irú rẹ̀ ní Jámánì ní àwọn ọdún 1920. Harry Olson àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ń lò ní àwọn ọdún 1930. Ọ̀já yìí ṣí sílẹ̀ níwájú, ó sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn, nítorí náà ohùn tó ti iwájú wá àti èyí tó ti ẹ̀yìn wá dọ́gba létí rẹ̀. Èyí tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá gan-an ni kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́, torí pé ohùn náà ń tì í níwájú, ó sì ń tì í lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ríbi lọ.

Ní ti ṣaworo, òótọ́ ni ọ̀rẹ́ yín sọ. Ọ̀pọ̀ condenser, pàápàá èyí tí kò wọ́n, ni wọ́n ṣe kí ohùn òkè rẹ̀ ta yọ, kí ọ̀rọ̀ ẹnu akọrin lè já ketekete; ibẹ̀ gan-an sì ni ohùn ṣaworo àti ìlẹ̀kẹ̀ ara ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kún sí. Ní ti ríbọ́ọ̀nù, ńṣe ni ohùn òkè ń rọlẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìsí ibi tó ti ta gọngọ. Mo ti gbé irú méjèèjì síwájú ìyáàlù kan náà rí. Condenser gbọ́ ṣaworo kó tó gbọ́ awọ. Ríbọ́ọ̀nù gbọ́ kọ̀ǹgọ́ lórí awọ, ó gbọ́ bí ọṣán ṣe ń ké fín-ín bí onílù ti ń fi apá fún un, ṣaworo sì wà lẹ́yìn bí ẹni tó ń gberin. Onílù náà fúnra rẹ̀ ló ní kí n tún èkejì tẹ̀ fún òun gbọ́.

Sítẹ́rìó tí ẹ rí yìí, ríbọ́ọ̀nù méjì ni wọ́n kó sínú ilé kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan kọjú sí apá òsì, èkejì kọjú sí apá ọ̀tún, igun àárín wọn sì jẹ́ 90. Alan Blumlein, oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní ilé iṣẹ́ EMI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ìlànà náà sínú ìwé àṣẹ ohun tuntun tó béèrè fún ní oṣù Kejìlá ọdún 1931, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. (Ọkùnrin náà kò dàgbà: ọkọ̀ òfuurufú tó wọ̀ láti dán ẹ̀rọ rédà wò ló já ní 1942.) Ohun tó mú kí ìlànà yìí wúlò fún àwa tí à ń gba orin sílẹ̀ nílé ni pé ojú kan náà ni ríbọ́ọ̀nù méjèèjì wà, ohùn ń dé bá wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí rédíò tàbí spíkà fóònù bá sì pa òsì àti ọ̀tún pọ̀ di ẹyọ kan, ohùn kì í pa ara rẹ̀ jẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó máa gbọ́ iṣẹ́ yín, fóònù ni wọ́n máa fi gbọ́ ọ. Bí ẹ bá fi condenser méjì jìnnà síra wọn níwájú gìtá, tí gìtá náà wá rù hangogo nígbà tí ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù, ẹ ti mọ ohun tí mò ń wí.

Ó ku ìdajì tí ọ̀rẹ́ yín fò. Ẹ rántí pé ẹ̀yìn máìkì náà ń gbọ́rọ̀ bí iwájú rẹ̀. Nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14, bí ẹ bá gbé e sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí olórin, ògiri ẹ̀yìn kò ní jìnnà sí i rárá, ohùn agídìgbo tó lu ògiri yẹn tó sì padà yóò wọlé ní agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti agídìgbo fúnra rẹ̀. Àjà tó wà lókè orí máìkì gan-an kò ní yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀, nítorí pé òkè àti ìsàlẹ̀ jẹ́ ibi tí ríbọ́ọ̀nù méjèèjì dití sí. Ṣùgbọ́n ohùn tó bá dagun lọ kan àjà láàárín máìkì àti olórin yóò wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá ra máìkì yìí ra yàrá rẹ̀ mọ́ ọn. Yàrá tó dára á dùn sí i. Yàrá tí kò dára, kò sí ẹ̀rọ tó máa yọ ọ́ kúrò nínú orin lẹ́yìn tí ẹ ti gbà á sílẹ̀ tán.

Ẹ lè dán an wò láìná kọ́bọ̀. Ẹ ní kí alágídìgbo jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, kí ẹ dúró síbi tí máìkì máa wà, kí ẹ fi ìka di etí kan pátápátá, kí ẹ sì fi èkejì gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú kan. Bí etí méjì bá ṣí, ọpọlọ máa ń bá wa sẹ́ ariwo yàrá dànù. Bí ó bá ku ẹyọ kan, a ó gbọ́ yàrá náà bó ṣe rí gan-an. Bí ohun tí ẹ gbọ́ bá dà bí ìgbà tí ènìyàn ń ta agídìgbo nínú bálùwẹ̀, ẹ gbé owó máìkì tì ná, kí ẹ ra rọ́ọ̀gì tó nípọn àti fóòmù àga àtijọ́, kí ẹ fi wọ ògiri ẹ̀yìn ibi tí máìkì máa wà.

Bí ẹ bá wá ní kí ẹ sún máìkì mọ́ olórin kí yàrá lè dínkù, ohun mìíràn tún ń bẹ níbẹ̀. Ríbọ́ọ̀nù máa ń wú ohùn ìsàlẹ̀ bí ohun èlò bá ti sún mọ́ ọn jù. Lára gìtá, ó lè dùn fún ìgbà díẹ̀ kó tó di ìdùnkùn. Lára agídìgbo, tí àpótí rẹ̀ ń dún gbùù tẹ́lẹ̀ bí olórin ti ń fi ọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, irin rẹ̀ kéékèèké á kàn rì sínú ìwúwo ni. AEA R88, tí ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ gùn ju ti SF-12 lọ, ló fẹ́ àyè jù nínú àwọn méjèèjì. Èmi kì í gbé e sún mọ́ nǹkan ju mítà kan lọ, ibi tó sì ti máa ń dáa jù ni mítà kan ààbọ̀ sí méjì. SF-12 tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rọrùn láti sún mọ́ ohun èlò kan ṣoṣo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ń wú ohùn ìsàlẹ̀.

Ní ti interface yín, SF-12 àti R88 kò ní ẹ̀rọ agbóhùnsókè kankan nínú. Ohun tí ọ̀já alumíníọ̀mù bá rí mú jáde náà ni wọ́n ń gbé fún yín. Gìtá tó ń pariwo tàbí ìyáàlù kò ní fi bẹ́ẹ̀ ni yín lára, ṣùgbọ́n agídìgbo jẹ́jẹ́ láti ibi tó tó mítà kan lè gba kí ẹ gbé ohùn sókè tó 60 sí 70 dB (òṣùwọ̀n agbára ohùn). Ọ̀pọ̀ interface kékeré kì í ju 50 sí 60 lọ, ibi tí bọ́tìnì wọn bá sì ti kan òpin, ohùn ṣìì bí òjò wínníwínní ni wọ́n ń kó jáde. Àfikún kékeré bíi Cloudlifter CL-2, tó ní ojú méjì, lè fi 25 dB kún un láìṣe ariwo púpọ̀. Ẹ tún wo impedance (bí ẹ̀rọ ṣe ń tako iná tó) tí wọ́n kọ sínú ìwé interface yín: ó yẹ kó tó ìlọ́po márùn-ún ti máìkì. Ohm 300 ni ti SF-12, nítorí náà preamp (ẹ̀yà inú interface tó ń gbé ohùn máìkì sókè) tó bá dín ní ohm 1,500 yóò pa á lóhùn. Royer SF-24 ní ẹ̀rọ agbóhùnsókè tirẹ̀ nínú, kò sì bẹ̀rù interface, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ń ta condenser méjì kó lè rí owó rà á.

Ẹ béèrè èwo ni kí ẹ rà. Nínú yàrá tí ẹ júwe yẹn, èmi kò ní ra ìkankan nínú méjèèjì. N ó fi condenser méjèèjì síbi tí wọ́n wà, n ó sì ra Beyerdynamic M160. Máìkì ríbọ́ọ̀nù ni, láti 1957 ni wọ́n ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é kó máa gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ, èyí tó máa ń ran yàrá kékeré lọ́wọ́ gidigidi. Bí owó bá tún wọlé, ẹ ra M130 tì í, ẹ̀gbọ́n òun àbúrò ni wọ́n. M130 ń gbọ́ iwájú àti ẹ̀yìn bí ríbọ́ọ̀nù yòókù. Ẹ gbé M160 kọjú sí olórin, kí ẹ gbé M130 lé e lórí kó kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ ṣe ẹ̀dà ohùn M130, kí ẹ yí ẹ̀dà náà sódì, kí ẹ ti ọ̀kan sí òsì, kí ẹ ti èkejì sí ọ̀tún. Ẹ ti ní ríbọ́ọ̀nù sítẹ́rìó nìyẹn, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí ẹ lè fi ọwọ́ yí sókè-sódò lẹ́yìn tí olórin ti lọ sílé rẹ̀. Owó méjèèjì pa pọ̀ kò tó ti SF-12 kan.

Bó bá jẹ́ pé àwọn onídùndún ni iṣẹ́ yín dá lé, tí ẹ sì lè rí gbọ̀ngàn ilé ìwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí àjà rẹ̀ ga yá, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Níbẹ̀, R88 ni mo máa mú. Ẹ to àwọn onílù ní ìlàjì òbìrí níwájú rẹ̀, ní mítà méjì, kí ìyáàlù wà láàárín, kí gúdúgúdú wà lápá kan, kí kẹríkẹrì wà lódì kejì, kí ẹnikẹ́ni má sì yọ kọjá ìlà tí ojú ríbọ́ọ̀nù méjèèjì fà. Ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, iwájú ríbọ́ọ̀nù kan àti ẹ̀yìn èkejì ni yóò máa gbọ́ ọ, lórí fóònù yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹni tó bá pariwo jù, ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnì, ẹ ní kó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹlẹ́ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lè lọ dúró sí ẹ̀yìn máìkì pátápátá, ó kàn jẹ́ pé òsì rẹ̀ àti ọ̀tún rẹ̀ á pààrọ̀ nínú orin, ìyẹn kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ ẹnu sí i. Ẹ mọ̀ wá: bí ọmọ Yorùbá bá ti rí máìkì, «fùú, fùú, hẹ́lò, hẹ́lò» ló kàn. Ọmọkùnrin tó ń bá mi tún wáyà ṣe ló fẹ́ ẹnu sí tèmi lọ́jọ́ kan, lọ́nà ọ̀wọ̀, ó ń bá mi dán an wò. Láti ọjọ́ náà ni ohùn apá òsì ti lọ sílẹ̀, tó sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ọyẹ́ mú. Ọ̀já ti fà, ó di dandan kí a pààrọ̀ rẹ̀. Fáànù onídùúró kò gbọ́dọ̀ kọjú sí i, kí ẹ sì rántí pa fáànù lára ògiri nígbà tí iná bá lọ, torí ẹ kò mọ ìgbà tí wọ́n máa mú un dé. Ẹ gbé e jìnnà sí inverter àti stabilizer, bí ó bá sì ń kùn, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ títí kùn-ún náà á fi rọlẹ̀. Òòfà rẹ̀ lágbára, ó ń fa èérún irin, nítorí náà bí wẹ́dà bá wà ládùúgbò, ẹ má fi í sílẹ̀ lórí ọ̀pá láìbò. Ẹ fi àpò bò ó, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ ní ìdúró. Bí ó bá pẹ́ ní ìdùbúlẹ̀, ọ̀já lè rọ̀.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ka ìwé yín. Mo ní máìkì ríbọ́ọ̀nù Coles 4038 méjì tí mo fi ń gba gìtá àti gòjé sílẹ̀. Ǹjẹ́ ó yẹ kí n fi méjèèjì ra sítẹ́rìó ẹyọ kan?

ÌDÁHÙN

Rárá o, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Máìkì tí BBC ṣètò ní àwọn ọdún 1950 ni 4038, kò sì sí ohun tí ríbọ́ọ̀nù sítẹ́rìó ń ṣe tí méjì rẹ̀ kò lè ṣe bí ẹ bá ní sùúrù láti tò wọ́n. Ẹ gbé ọ̀kan sórí ọ̀pá, kí ẹ so èkejì rọ̀ kodoro sókè rẹ̀ kí orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, kí ẹ sì ya ojú wọn sí igun 90. Wọ́n wúwo, nítorí náà ọ̀pá tó lágbára ni kí ẹ lò. Àǹfààní tí sítẹ́rìó ẹyọ kan ní lórí wọn ni pé ẹni tó ṣe é ti to ríbọ́ọ̀nù méjèèjì mọ́ra kí ó tó kúrò nílé iṣẹ́. Ó yá láti gbé kalẹ̀, òsì àti ọ̀tún sì bára mu. Tiyín ní àǹfààní tí ẹyọ kan kò lè ní láéláé: ẹ lè tú wọn ká. Bí onígìtá àti onígòjé bá jókòó papọ̀, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 4038 tirẹ̀, kí ẹ yí ẹ̀gbẹ́ tó dití sí ẹnì kejì, ẹ ó rí i pé gìtá kò ní fi bẹ́ẹ̀ wọ inú gòjé. Gòjé fúnra rẹ̀, tí irun ẹṣin ń há lórí irun ẹṣin, wà lára ohun tí mo gbà pé ríbọ́ọ̀nù gbọ́ ju gbogbo máìkì yòókù lọ.

ÌBÉÈRÈ KẸTA

Wọ́n ní phantom power, iná 48 volt tí interface ń gba inú wáyà fi ránṣẹ́ sí máìkì, ń jó ríbọ́ọ̀nù. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN

Ó sinmi lórí wáyà yín. Bí wáyà bá pé, 48 volt náà máa ń gba ojú wáyà méjèèjì lọ́gbọọgba, tiransifọ́mà inú máìkì kì í sì jẹ́ kó kan ọ̀já. Ṣùgbọ́n bí wáyà kan bá ti já nínú, tàbí tí ẹ fi máìkì bọ ihò nígbà tí phantom ti wà lórí, ojú kan lè ṣáájú èkejì, ìgbà yẹn ni ọ̀já máa ń ta kíjí, tó sì lè fà. Àwọn tó ní ẹ̀rọ agbóhùnsókè nínú, bíi SF-24, kò lè ṣiṣẹ́ láìsí phantom. Cloudlifter náà nílò rẹ̀, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń lò ó tán, kì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ máìkì. Bí ẹ bá ti lo condenser lójú ihò kan lánàá, ẹ pa phantom rẹ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí iná tó kù nínú rẹ̀ tán, kí ẹ tó fi ríbọ́ọ̀nù bọ ibẹ̀.